Ẹ Má Fọ Àpá Ara Mọ́tò Dànù: Ìtàn Fọ́tò Àwọn Mọ́tò Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí admin fi ohùn sọ ní apá mẹ́jọ. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ará wa tí dátà wọn ò gbé ohùn.

Ohùn kìíní

Admin yín ni o, èmi náà ni mo tún dé. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ń dún lẹ́yìn mi yẹn, mi ò tíì ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Ẹ ó rántí pé a ti jọ sọ ọ́ pé ká kó fọ́tò mọ́tò àwọn òbí wa jọ, àwọn mọ́tò tí wọ́n fi ná ọ̀nà láti ilé wá sí òkè Ọya níbí, ká fi ṣe ìwé fọ́tò tí a ó pín nígbà ìpàdé òpin ọdún. Ọ̀pọ̀ yín ti fi ránṣẹ́, ẹ ṣé gan-an ni. Mo rí Peugeot 404 aláwọ̀ eérú kan. Mo rí Volkswagen ìjàpá méjì. Mo rí Bedford bọ̀lẹ̀kájà kan tí ọmọdé mẹ́rin jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹyẹlé. Inú mi dùn púpọ̀.

Àmọ́ láti ìjẹrin, àwọn àbúrò wa kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa fọ àwọn fọ́tò náà mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn mú 404 yẹn, ó pa ìpẹtà ara ìlẹ̀kùn rẹ́, ó yọ ẹrẹ̀ kúrò lára táyà, ó sọ ojú ọ̀run di búlúù bíi ti ẹ̀bá òkun. Gbogbo yín ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi nìkan ni mi ò pàtẹ́wọ́. Mi ò bínú sí ọmọ náà o, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Ohun tí irú ìfọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbà lọ́wọ́ èmi náà rí ni mo rántí, màá sì sọ ọ́ kí n tó parí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn, torí àwọn kan nínú wa rò pé orí fóònù ni títún fọ́tò ṣe ti bẹ̀rẹ̀. Rárá o.

Ohùn kejì

Kámẹ́rà ṣáájú mọ́tò dé ayé. Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ Daguerre fún aráyé ní Paris, pé èèyàn lè fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán sórí pẹrẹsẹ irin tí wọ́n fi fàdákà bò. Mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Karl Benz ṣe ní Jámánì, 1886 ló gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Ẹ ṣírò rẹ̀, ọdún 47 ni kámẹ́rà fi gba iwájú.

Nígbà tí mọ́tò fi máa dé, àwọn onífọ́tò ti mọ iṣẹ́ wọn jinlẹ̀. Dígí ni wọ́n ń ya fọ́tò sí. Wọ́n á gbé dígí náà sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n á mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín, pẹ́ńsù àti ọ̀bẹ kékeré, wọ́n á ha ibi tí wọn ò fẹ́ kúrò, wọ́n á kun ibi tó yẹ kó dán. Bí oníbàárà bá ní àpá ṣànpọ̀nná lójú, wọ́n á dí i. Bí òpó kan bá dúró lẹ́yìn mọ́tò tó wá dà bíi pé orí awakọ̀ ló ti hù jáde, wọ́n á pa òpó rẹ́. Iṣẹ́ tí ìka yín ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan, odidi ọjọ́ kan ló lè gba àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni.

Mọ́tò sì wá le láti yà. Ara mọ́tò tí wọ́n kùn tí wọ́n sì nù, dígí ni. Ohunkóhun tó bá dúró níwájú rẹ̀ ló máa hàn lára rẹ̀: onífọ́tò fúnra rẹ̀, ilé òdìkejì, okùn aṣọ tí ìyàwó ilé sá sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n yà kì í fi í yà á ní ọ̀sán gangan. Wọ́n á gbé e lọ síbi tó tẹ́jú, wọ́n á dúró de ìgbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ tàbí tí kò tíì yọ, kí ojú ọ̀run lè dà bí aṣọ funfun ńlá kan tó bo mọ́tò lórí. Nínú sítúdíò, aṣọ funfun gidi ni wọ́n ń ta sókè. Gíláàsì kan tún wà tí wọ́n ń dè mọ́ ojú kámẹ́rà, tí wọ́n bá yí i díẹ̀, ìdán tó wà lójú wínsíkíríìnù á dínkù, ẹ ó sì rí ẹni tó jókòó sínú mọ́tò.

Ìmọ̀ yìí wúlò fún èmi tí mò ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti fi amọ̀ panẹ́ẹ̀bítà dí ara mọ́tò kan, ẹ má wo kùn rẹ̀. Ẹ wo òjìji nǹkan tó tọ́ lára rẹ̀, bí òpó iná tàbí etí òrùlé. Tí òjìji yẹn bá ń lọ geere tó kàn wá wọ́ lójijì, ibẹ̀ ni wọ́n ti lù ú. Nínú fọ́tò náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí ẹni tó tún fọ́tò ṣe bá ti gbàgbé òjìji ni àṣírí ti máa ń tú.

Ohùn kẹta

Ọmọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Faransé, Jacques Henri Lartigue lorúkọ rẹ̀, 1894 ni wọ́n bí i. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti fún un ní kámẹ́rà, ohun tó bá ń sáré ló sì máa ń fẹ́ yà. Ní nǹkan bí 1912 tàbí 1913, ó lọ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà níbi ìdíje mọ́tò ńlá kan. Mọ́tò kan tó ní nọ́ńbà 6 lára ń bọ̀ fìì. Ọmọ yìí yí kámẹ́rà tẹ̀lé e, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó fọ fọ́tò náà tán, wàhálà dé. Táyà mọ́tò ò rí roboto mọ́, ó dà bí ẹyin, ó sì dà síwájú. Àwọn èèyàn tó ń wòran àti òpó tó wà lẹ́yìn dà sẹ́yìn bíi pé atẹ́gùn fẹ́ gbé wọn ṣubú. Iwájú mọ́tò gan-an ti jáde kúrò nínú fọ́tò.

Kí ló fà á? Kámẹ́rà ìgbà yẹn ní aṣọ dúdú kan nínú tó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ihò yẹn bá ṣe ń kọjá ni ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, apá kan á ṣáájú, apá kejì á tẹ̀lé e. Kí ihò náà tó dé òpin, mọ́tò ti sún síwájú. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ táyà fi wà níbì kan, tí òkè rẹ̀ wà níbòmíràn. Àwọn òǹwòran ní tiwọn ò kúrò lójú kan, kámẹ́rà tó ń yí ló dà wọ́n sẹ́yìn.

Nígbà tí ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní New York, tí wọ́n ń pè ní MoMA, ṣe àfihàn àwọn fọ́tò rẹ̀ ní 1963, Lartigue ti di àgbàlagbà. Lónìí, fọ́tò táyà tó dà síwájú yẹn wà lára àwọn fọ́tò mọ́tò tí ayé mọ̀ jù lọ. Àwọn tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ọmọdé, tí wọ́n bá fẹ́ kí mọ́tò dà bí èyí tó ń sáré, ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe máa ń da táyà rẹ̀ síwájú?

Ẹ wá rò ó wò. Ká ní àbúrò wa tó fọ 404 ló ni fọ́tò yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé ó máa sọ táyà náà di roboto? Á gbé àwọn òǹwòran dìde dúró. Á tún bá wa ya iwájú mọ́tò tó sọnù. Fọ́tò á wá mọ́ tónítóní, kò sì ní sí ẹni tó máa rántí rẹ̀.

Ohùn kẹrin

Ká lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1959, ilé iṣẹ́ Pontiac gbé mọ́tò kan jáde tí táyà ọ̀tún àti tòsì rẹ̀ jìnnà síra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìbú yẹn ni wọ́n sì ń polówó. Ayàwòrán méjì ni iṣẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́, Art Fitzpatrick àti Van Kaufman. Fitzpatrick á ya mọ́tò, Kaufman á ya èèyàn, ilé àti igi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí di 1971. Búrọ́ọ̀ṣì ni o, kì í ṣe kámẹ́rà. Nínú àwòrán wọn, mọ́tò máa ń fẹ̀ ju bó ṣe rí lójúkojú lọ. Ó máa ń gùn, á lọ sílẹ̀, á dúró bí ẹkùn tó fẹ́ fò.

Àwọn tó ń fi kámẹ́rà polówó mọ́tò náà ní ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n ní ìbọn afẹ́fẹ́ kékeré tó ń fọ́n kùn bí ìrì, ọmọ ìyá èyí tí àwọn pẹ́ńtà wa fi ń kun mọ́tò ni, òun ni wọ́n fi ń pa àbùkù rẹ́ lórí fọ́tò. Wọ́n á bu omi sí ilẹ̀ kí ilẹ̀ lè dúdú, kí iná mọ́tò lè tàn sí i. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí kámẹ́rà á fi bá iná iwájú dọ́gba. Wọ́n á yí táyà iwájú díẹ̀ kí ojú ríìmù lè kọ sí wa. Wọ́n á sún jìnnà réré kí wọ́n tó yà á, torí tí o bá sún mọ́ mọ́tò jù, imú rẹ̀ á wú bí imú ẹni tó ní ọ̀fìnkìn.

Mi ò ní ẹjọ́ kankan bá wọn rò. Ọjà ni wọ́n ń tà, ẹni tó sì ń ra ìwé ìròyìn yẹn mọ̀ pé ìpolówó lòun ń wò. Èmi náà máa ń nu ọjà mi kí n tó pàtẹ rẹ̀. Ibi tí ẹjọ́ wà ni kí o mú ọgbọ́n ìpolówó lọ síbi tí èèyàn ti ń wá òtítọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan fi fọ́tò Peugeot 504 àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ tà á. Ìrọ̀lẹ́ ló yà á, ó ti da omi sí i lára, ó ń dán gbinrin. Mo gbé owó, mo gbọ̀nà. Nígbà tí mo débẹ̀ tí omi ti gbẹ, kùn rẹ̀ jẹ́ oríṣi mẹ́ta, ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn sì ti dógùn-ún débi pé ìka mi wọ inú rẹ̀. Owó ọkọ̀ mi lọ, ọjọ́ mi lọ. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fi fọ́tò mọ́tò tó tutù ránṣẹ́ sí mi, mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ.

Ohùn karùn-ún

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ní 1948, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Seydou Keïta ṣí sítúdíò sí Bamako, ní orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Mali lónìí. Àwọn ará ìlú ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní aago ọwọ́, ó ní rédíò, ó ní kóòtù, ẹni tí kò bá ní lè fi tirẹ̀ ya fọ́tò. Mọ́tò tirẹ̀ gan-an, Peugeot 203, ó máa ń gbé e kalẹ̀ kí èèyàn dúró tì í. Wọ́n á fi ọwọ́ lé e bí ẹni tó ni ín.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìran wa náà ṣe é. Mélòó nínú àwọn bàbá wa ló dúró ti mọ́tò ọ̀gá wọn tó ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé, kí ìyá wọn lè mọ̀ pé òkè Ọya gbà wọ́n? Nítorí náà mi ò ní purọ́ fún yín pé fọ́tò àtijọ́ kò ṣe fáàrí rí. Ó ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n fáàrí yẹn náà jẹ́ ìtàn. Ó ń sọ ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́, ẹni tó dúró níbẹ̀ sì dúró níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú ojú rẹ̀ àti bàtà rẹ̀. Wọ́n yá mọ́tò, wọn ò yá ojú.

Ní ti mọ́tò fúnra rẹ̀, ẹ mọ̀ pé Peugeot ló ni ọ̀nà nígbà tiwọn. 404 jáde ní 1960, ilé iṣẹ́ Pininfarina ti Ítálì ló ya bí ara rẹ̀ ṣe máa rí. Ó gba ipò kìíní níbi ìdíje Safari ti ìlà oòrùn Áfíríkà ní 1963, ó tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968. Ọ̀nà eruku àti ẹrẹ̀ ni ìdíje yẹn, ó jọ ọ̀nà tiwa. Ní 1968 náà ni 504 jáde. Òun náà gba Safari ní 1975 àti 1978.

Ọdún 1975 yẹn ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Kàdúná níbí. Ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Àwọn bàbá wa tó ń ná ọ̀nà Tẹ́gínà, Mókwá, Jẹ́bà títí dé Ìlọrin, 504 sítéṣọ̀n onísíìtì mẹ́ta ló sọ wọ́n di èèyàn. Òun ló kọ́ ilé, òun ló rán wa níléèwé. Tí ẹ bá rí àpá lára mọ́tò irú èyí nínú fọ́tò, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà ló kọ ọ́ síbẹ̀.

Ohùn kẹfà

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ ní 1975 yìí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilé iṣẹ́ Kodak, Steven Sasson, ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù. Kásẹ́ẹ̀tì ló ń gba fọ́tò sí, ìṣẹ́jú àáyá 23 ló sì ń gbà á láti tọ́jú ẹyọ fọ́tò kan. Orí rẹ̀ ni fóònù ọwọ́ yín ti wá.

Ní 1987, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Michigan, Thomas Knoll, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó lè tún fọ́tò ṣe. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, John, tó ń ṣiṣẹ́ fíìmù, dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní 1990, ilé iṣẹ́ Adobe gbé e jáde fún títà. Òun ni Photoshop. Búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ, ìbọn afẹ́fẹ́, gbogbo rẹ̀ wọ inú àpótí kan. Ẹ lè da apá kan fọ́tò kọ sórí apá kejì. Ẹ lè ya mọ́tò kan nígbà mẹ́wàá lóru, kí ẹ máa gbé iná káàkiri ara rẹ̀, kí ẹ wá to mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀ di ọ̀kan, mọ́tò á dán bí wúrà. Iṣẹ́ tó dáa ni, ó ń bọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Paris ní 2015. Ọkùnrin kan wà ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé, Roger Baillon, onílé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ó kó àwọn mọ́tò àtijọ́ jọ, ó fẹ́ fi wọ́n ṣe ilé àfihàn. Òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, àwọn mọ́tò sì jókòó sábẹ́ páànù, nínú òjò àti eruku, fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ gbàǹjo Artcurial débẹ̀ ní 2014, wọ́n bá nǹkan bí 60 mọ́tò. Ferrari kan tí wọ́n ṣe ní 1961 wà níbẹ̀, wọ́n kó òkìtì ìwé ìròyìn lé e lórí bíi tábìlì.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọn ò fọ̀ ọ́. Wọ́n yà á bẹ́ẹ̀, tòun ti eruku àti ìwé orí rẹ̀, fọ́tò náà sì tàn ká gbogbo ayé. Fọ́tò àtijọ́ kan sì tún wà tó fi hàn pé Alain Delon, òṣèré fíìmù Faransé, ti jókòó sínú mọ́tò yẹn nígbà kan rí. Nígbà tí wọ́n ta á ní oṣù kejì 2015, ó lé ní mílíọ̀nù 16 owó yúrò. Ká sọ òtítọ́, Ferrari ni, wọn ò ṣe púpọ̀ rẹ̀, á gbówó lórí bó ti wù kó rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọwó ka níbẹ̀ mọ̀ pé eruku yẹn ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Tí o bá fọ eruku àádọ́ta ọdún dànù, àádọ́ta ọdún míì lo máa dúró kó tó padà.

Ohùn keje

Ó kù tèmi.

Bàbá mi ra 504 sítéṣọ̀n ní 1982. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, láàárín Mókwá àti Jẹ́bà, tírélà kan gúnlẹ̀ sójú ọ̀nà láìtan iná. Bàbá mi ò rí i àfi ìgbà tó ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ya bàrà, ẹ̀gbẹ́ òsì mọ́tò fi tírélà gbo, iwájú níbẹ̀ tẹ̀ wọnú. Gbogbo èrò jáde láàyè. Panẹ́ẹ̀bítà ní òun á lù ú padà, bàbá mi ní kó fi sílẹ̀. Títí ó fi ta mọ́tò yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé e kiri. Tí wọ́n bá bi í, á ní, "Ẹ̀rí mi nìyẹn."

Fọ́tò kan ṣoṣo la ní tí àpá yẹn hàn nínú rẹ̀, 1984 ni wọ́n yà á ní gáráàjì. Bàbá mi dúró níwájú, ó fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, létí fọ́tò, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ń di ẹrù sórí mọ́tò, ó yíjú sí kámẹ́rà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí bàbá mi kú ní 2016, èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó fọ́tò. Mo gbé e lọ fún ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ gbọ́ o, mi ò dá a lẹ́bi. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ fún un pé kó fọ̀ ọ́ mọ́, kí mọ́tò dán, kí ẹni tó ń di ẹrù kúrò níbẹ̀ torí ó ń dí bàbá lọ́wọ́. Ó ṣe é. Mo sanwó, mo tún fún un ní owó ìmoore. Ó ti tọ́jú tuntun lé ti àkọ́kọ́ lórí nínú kọ̀ǹpútà. Ti bébà, mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé màá padà wá gbà á. Mi ò padà. Òjò wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà lọ́dún yẹn.

Ní ọjọ́ òkú, bàbá arúgbó kan wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dúró níwájú fọ́tò ńlá tí a gbé kọ́, ó wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi, mọ́tò yìí kọ́. Èyí tó gbé wa lóru ọjọ́ náà ní àpá níbí." Ó na ìka síbẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn èrò alẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Ó ti bá gbogbo ọ̀nà yẹn wá láti tún fojú kan àpá tó gbà á là, mo sì ti fi owó mi ra kùn bò ó.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní oṣù tó kọjá, àbúrò wa obìnrin kan nínú gúrúùpù yìí, mo ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ọ́, pè mí ní alẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní bàbá mi kọ́ṣẹ́ mọ́tò lọ́dọ̀ bàbá yín. Wọ́n kú kí n tó mọ ojú. Ṣé ẹ ní fọ́tò wọn kankan?"

Ẹ̀yin ará, mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo ní in rí. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e kúrò.

Ohùn kẹjọ

Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àpá ló ń jẹ́ ká mọ ohun tí ara là kọjá.

Nítorí náà, bí a ó ṣe ṣe ìwé wa nìyí, ẹ jọ̀ọ́.

Fọ́tò bébà, ẹ yà á ní ìta lábẹ́ ibòji, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ má tan fláàṣì. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ títí dé etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, torí orúkọ àti ọjọ́ máa ń wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, kì í ṣe bíi fọ́tò, kó má bàa dínkù lójú ọ̀nà.

Ẹ má ṣiṣẹ́ lórí ti àkọ́kọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ wá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Bí fọ́tò bá ti ṣá, ẹ lè dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Bí ó bá wọ́, ẹ lè gbé e dìde. Bí bébà bá ya, ẹ lè so ibi tó ya pọ̀, torí lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán ni ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìpẹtà, ẹrẹ̀, nọ́ńbà àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí búùtù, ajá tó ń kọjá, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì gé èèyàn kúrò. A ò mọ ọmọ ẹni tó máa wá a.

Àwọn tó bá ṣì ní mọ́tò àtijọ́ nílẹ̀, ẹ lọ yà á ní ìdájí ọ̀la. Ẹ ya ibi tó dáa, ẹ ya ibi tó bàjẹ́, ẹ ya nọ́ńbà ara ṣáṣí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó yà á.

Àbúrò mi tó fọ 404, má bínú sí mi. Fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ padà, ìwọ ni màá sì ní kí o bá wa to ìwé náà, torí o mọ̀ ọ́n ṣe.

Èyí tó kẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀yin tí bàbá yín wà ní gáráàjì Kàdúná láàárín 1982 sí 1988, ẹ tú àpótí yín. Ẹ má wo àárín fọ́tò nìkan, ẹ wo etí rẹ̀. Tí ẹ bá rí 504 sítéṣọ̀n funfun kan tí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ tẹ̀ wọnú, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nítòsí rẹ̀ tó ń di ẹrù, ẹ pè mí. Ì báà jẹ́ òru, ẹ pè mí. Ọmọ rẹ̀ ń dúró.

Ó dàárọ̀ o. Ọlọ́run á mú wa pàdé láyọ̀.